Ẹ Má Tíì Ro Ewùrà Náà

Ewùrà ló gbé mi dé ìlú òyìnbó. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Nínú àwọn tí a jọ jáde ní yunifásítì, òmíràn bá iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rìn, òmíràn bá kọ̀ǹpútà rìn, ọ̀kan bá ọkọ rìn. Èmi bá ewùrà rìn, iṣu tí kò ṣeé gún, tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í gbé síwájú àlejò. Mo ń fi gbogbo ẹnu sọ ọ́ báyìí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, bí wọ́n bá bi mí ní iṣẹ́ tí mò ń ṣe, mà á ní ìmọ̀ nípa ewéko ni, mà á sì yára yí ọ̀rọ̀ padà.

Ilé ni ìtìjú yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Bàámi, tíṣà Bàyọ́lọ́jì ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ní ilé ìwé ìjọ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Bóyá ni ẹ fi máa rí ìdílé kan ládùúgbò wa tí ọmọ wọn ò gba ọwọ́ Bàámi kọjá. Ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa, òyìnbó ló kọ ọ́, ohun òyìnbó ló sì kún inú rẹ̀: ápù, àlìkámà, òdòdó kan báyìí tó máa ń hù nígbà tí yìnyín bá yọ́. Bàámi á ya òdòdó yẹn sára pátákó, gbogbo ara rẹ̀ á pé pérépéré, bẹ́ẹ̀ wọn ò fojú kàn án rí láyé wọn. Lẹ́yìn fèrèsé kíláàsì, ewùrà ń gun ọgbà ilé ìwé, ó ń ta ìtàkùn dé orí òrùlé. Kò sẹ́ni tó yíjú wò ó.

Ìgbà tí mo wá sọ fún wọn pé wọ́n ti gbà mí sí ilé ẹ̀kọ́ kan lókè òkun láti ṣe ìwádìí lórí ewùrà, wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún gbé e wọ̀.

"Ṣé ewùrà lo fẹ́ fi di dókítà?" Wọ́n ní, "Iṣẹ́ tí ayé á fi mọ̀ ọ́ ni kí o lọ ṣe, ọmọ mi."

Wọn ò bínú o. Àánú mi ló ṣe wọ́n, ìyẹn gan-an ló sì dùn mí. Màámi, tí wọ́n jẹ́ ọmọ Ayépé, tí wọ́n ń ta òwú àti bọ́tìnnì fún àwọn télọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù mi. Wọ́n di gàárì fún mi, wọ́n di ẹja gbígbẹ, wọ́n ní kí n máa jẹun kí n tó máa ronú.

Ìlú tí mo lọ wà ní Skọ́tíláǹdì, létí òkun. Òjò ibẹ̀ kì í rọ̀ bí òjò, ńṣe ló máa ń fẹ́ sí èèyàn lójú. Nígbà òtútù, oòrùn á ti wọ̀ kí àwọn ọmọ tó ti ilé ìwé dé. Mo ti gbọ́ nípa òtútù kí n tó kúrò nílé, nítorí náà òtútù ò yà mí lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀. Ìkíni ló yà mí lẹ́nu. Àárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ láàbù, mo kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe yẹ kí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kíni. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n, ìyá tí orí ti funfun, mo kúnlẹ̀ wẹ́rẹ́. Ó rò pé nǹkan ló já bọ́ lọ́wọ́ mi. Lòun náà bá bẹ̀rẹ̀, ó ń bá mi wá a lábẹ́ tábìlì. Àwa méjèèjì wà níbẹ̀ tí a ń fọwọ́ gbálẹ̀, tí mi ò sì mọ bí mà á ṣe sọ pé kò sí ohun tó sọ nù.

Fióònà ni orúkọ rẹ̀, ó sì ní kí n máa pè é bẹ́ẹ̀. Ha! Ẹni tó lè bí màmá mi? Fún ìgbà pípẹ́, mi ò pè é ní nǹkan kan. Bí mo bá ní ọ̀rọ̀ láti bá a sọ, mà á lọ dúró níbi tí ojú rẹ̀ ti lè kàn mí, mà á máa wú ikọ́. Nígbà tó yá a fẹnu kò sórí Pròfú. Bí mo ṣe ń pè é ní "ó" nínú ohun tí mò ń kọ yìí, òun ló bẹ̀ mí, ọkàn mi ò sì tíì balẹ̀ sí i.

Ibi kan ṣoṣo tí ara ti máa ń tù mí ni ilé gíláàsì tí a ń gbin iṣu sí. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn rẹ̀, ooru gbá mi lójú, òórùn ilẹ̀ tútù àti ewé wọ imú mi, àfi bíi pé mo dúró lẹ́yìnkùlé wa lẹ́yìn òjò. Mo bú sẹ́kún. Láti ọjọ́ náà, ibẹ̀ ni mo ti ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán, láàárín àwọn ìtàkùn. Mo tilẹ̀ máa ń bá wọn sọ̀rọ̀, Yorùbá ni mo sì ń sọ sí wọn, kí ahọ́n mi má bàa gbàgbé rẹ̀.

Iṣẹ́ tí a ń ṣe rọrùn láti ṣàlàyé. Wọ́n ti kó oríṣiríṣi iṣu jọ láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. A ó gbìn wọ́n, a ó yẹ̀ wọ́n wò, èyí tó bá dára jù ni wọ́n á máa sọ di púpọ̀ fún àwọn àgbẹ̀. Èyí tí kò bá dára, wọ́n á yọ ọ́, torí ilé gíláàsì ò lè gba gbogbo wọn. Mo tọrọ àyè pé kí n fi ewùrà ìlú wa kún un, wọ́n sì gbà. Ẹ̀gbọ́n Màámi tó ń dáko ní Ìbẹ̀fún ló fún mi ní ebu rẹ̀, ewùrà tí bàbá wọn fi lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n fún un ní nọ́ńbà bíi ti àwọn yòókù. Èmi ò pè é ní nọ́ńbà. Ewùrà Ìbẹ̀fún ni mò ń pè é.

Ẹ̀rọ kan wà ní láàbù tó ń ṣèdájọ́ wọn. Kò tóbi, ẹ lè gbé e sórí tábìlì ìjẹun. A ó rin iṣu, a ó pò ó mọ́ omi, a ó dà á sínú agolo ẹ̀rọ náà. Ẹ̀rọ á máa gbóná, irin pẹlẹbẹ kan nínú rẹ̀ á máa rò ó láìdúró, á sì máa sọ fún wa bó ṣe ń ki sí. Èyí tó bá ki dáadáa ni a máa ń pè ní iṣu gidi. Ewùrà Ìbẹ̀fún ló máa ń ṣe ìkẹyìn. A tún un ṣe, ìkẹyìn ni. A pààrọ̀ omi, ìkẹyìn náà ni.

Kofí, ọmọ Gánà tí a jọ wà ní láàbù, kò jẹ́ kí n gbádùn. Lójú tirẹ̀, iṣu tí kò bá ṣeé gún kì í ṣe iṣu. Ó ní ewùrà, omi tó wọ èèpo lásán ni. Mo ní kó máa wò ó, pé Ìjẹ̀bú kì í pariwo kí ọjà tó kún. Èmi ni mo dá ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ o, ẹ má lọ máa wá a kiri. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti pa dà sínú yàrá mi, ẹ̀rín yẹn kì í bá mi délé.

Ọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni mo máa ń pe ilé. Màámi á béèrè bóyá mo jẹun. Wọ́n á gbé fóònù fún Bàámi, Bàámi á sì ní, "Iṣu ńkọ́?" Ohùn tí wọ́n máa ń fi sọ ọ́ ni mo máa ń gbọ́ ju ọ̀rọ̀ náà lọ, ohùn ẹni tó ń béèrè aláìsàn. Mà á ní ó ń ṣe dáadáa. Irọ́ ni.

Ìgbà tó yá, Pròfú pè mí, ó fi sùúrù bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní tí wọ́n bá ti wa iṣu ọdún tó ń bọ̀ tán, àwọn tó ń ṣe ìkẹyìn á kúrò nínú àkójọ. Ó ní àsìkò tèmi náà ń lọ sópin, àti pé ilé ẹ̀kọ́ ní àyè kan fún olùwádìí, ṣùgbọ́n wọn ò ní fún ẹni tí jọ́nà kankan, ìwé tí àwọn onímọ̀ fi ń gbé ìwádìí wọn jáde, ò tíì gba iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tó wà níwájú mi wá di ẹyọ kan. Àfi kí n kọ iṣẹ́ tí jọ́nà á gbà kí àsìkò mi tó pé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èmi àti ewùrà Ìbẹ̀fún la jọ ń di ẹrù. Mo rí ojú Bàámi tí wọ́n ń nu awò wọn, tí wọn ò sì ní sọ pé ṣé wọn ò ti kìlọ̀ fún mi.

Kí ni mo fẹ́ kọ? Pé iṣu wa ló burú jù? Ìyẹn ni ẹ̀rọ ń sọ.

Mo dínkù lójú ara mi nígbà yẹn. Ènìyàn lè wà níbi kan kí gbogbo èèyàn máa ṣe dáadáa sí i, kó ṣì máa rò pé òun ni wọ́n gbé wá ní ìkẹyìn. Bí mo bá ń rìn ní òpópónà, mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni kí mi kú ìrìn. Bí mo bá ń ṣiṣẹ́, ẹnikẹ́ni ò kí mi kú iṣẹ́. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ìkíni ni mo ń jẹ nílé tí mo fi ń sanra.

Ọjọ́ Ìsinmi kan ni Kofí ní òun fẹ́ wá tọ́ oúnjẹ Ìjẹ̀bú tí mò ń fi ṣe fọ́ńté yìí wò. Inú mi dùn. Ṣọ́ọ̀bù kan wà tí àwọn ọmọ Áfíríkà ti ń ta nǹkan, mo ra ewùrà níbẹ̀, mo rin ín, mo gbé ọbẹ̀ kaná pẹ̀lú epo pupa, ata, edé, àti ẹja gbígbẹ Màámi. Ìkọ́kọrẹ́ ni mo fẹ́ sè. Mo ń já ewùrà náà sínú ọbẹ̀ ní kókó kókó, bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Àkókò yẹn gan-an ni Kofí kanlẹ̀kùn, ebi ń pa á, ó ti ń wo orí sítóófù. Mo bá kánjú. Mo mú ṣíbí, mo rò ó.

Gbogbo kókó náà tú. Ó di ògì pupa. Mo dúró, mo ń wò ó, ojú sì tì mí gidigidi, torí mo mọ ohun tí mo ṣe. Kò sí ọmọ Ìjẹ̀bú tí kò mọ̀ ọ́n. Nílé wa, bí a bá ti já ewùrà sínú ọbẹ̀ tán, Màámi á gba ṣíbí kúrò lọ́wọ́ gbogbo èèyàn. Wọ́n á dé ìkòkò, wọ́n á dín iná kù, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí yóò fi dì. Ìgbà tó bá dì tán ni wọ́n á tó fi ṣíbí gbé e pò jẹ́jẹ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìkánjú ni ọ̀tá ìkọ́kọrẹ́.

Ṣíbí náà wà lọ́wọ́ mi, epo ń kán nídìí rẹ̀, ni ọ̀rọ̀ náà bá ṣí lójú mi. Èmi ni ẹ̀rọ. Ohun tí mo ṣe sí ewùrà yìí ni ẹ̀rọ láàbù ti ń ṣe sí i láti ọjọ́ yìí: ó ń rò ó kó tó dì. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà kò burú, oúnjẹ tí à ń rò ni wọ́n ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ìwà ewùrà wa, ìgbà tí ẹ bá fi í sílẹ̀ ló ń hàn. A ti ń dá a lẹ́jọ́ láìjẹ́ kó sọ̀rọ̀.

Kofí fi ẹ̀bà jẹ ògì náà, ó ní ó dùn. Ọmọlúàbí ni.

Ní ọjọ́ Ajé, mo kó àwọn iṣu náà jọ. Mo rin wọ́n, mo fi ìwọ̀nba kan náà sínú àwọn agolo kéékèèké, mo kó wọn sínú omi gbígbóná, mi ò jẹ́ kí ohunkóhun rò wọ́n. Ìgbà tí wọ́n tutù díẹ̀, mo fi ẹ̀rọ mìíràn tẹ̀ wọ́n wò láti mọ èyí tó di ara rẹ̀ mú. Púná, iṣu Gánà tí Kofí fi ń yangàn, fọ́ yángá. Ewùrà Ìbẹ̀fún dúró. Mo tún un ṣe, ó dúró. Kofí fúnra rẹ̀ ní kí n jẹ́ kí òun ṣe é, torí kò gbà mí gbọ́. Ó ṣe é tán, ó fọwọ́ lérí, ó ní òun ti rí ìjà omi tó wọ èèpo. Pròfú wá, ó jókòó, ó ní kí n fi han òun lẹ́ẹ̀kan sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó wò ó títí dé òpin. Ó ní kí n lọ kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo kọ ọ́. Mo fi gbogbo ara kọ ọ́, mo fi ránṣẹ́ sí jọ́nà kan tó lórúkọ. Wọ́n dá a padà kíákíá. Wọ́n ní oúnjẹ náà, àwọn èèyàn díẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Àwọn èèyàn díẹ̀! Mo bínú débi pé mo ka gbogbo ìlú tó wà láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ sí kọ̀ǹpútà létí. Mo fi ránṣẹ́ sí jọ́nà kejì. Jọ́nà kejì gbé e fún àwọn onímọ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ọ̀kan nínú wọn béèrè ìbéèrè kan tí mi ò lè bínú sí, torí ìbéèrè gidi ni. Ó ní ẹ̀rọ tí mo fi tẹ iṣu wò, èrò ẹ̀rọ lásán ni. Àwọn tó mọ oúnjẹ náà ńkọ́? Bí wọ́n bá tọ́ ọ wò láìmọ èyí tó jẹ́ èyí, ṣé ohun tí ẹ̀rọ mi sọ ni wọ́n á sọ? Bí mo bá lè fi ìyẹn hàn, wọ́n á tún un wò. Bí mi ò bá lè fi hàn, ó tán nìyẹn.

Níbo ni mo ti máa rí àwọn tó mọ ìkọ́kọrẹ́ jẹ ní Skọ́tíláǹdì? Mo wọ ọkọ̀ òfurufú wálé.

Oko ìwádìí kan wà nílé tó ní àwọn iṣu kan náà, ibẹ̀ ni mo ti gbà wọ́n; ewùrà Ìbẹ̀fún nìkan ni mo gbà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n Màámi. Bàámi bá mi tọrọ gbọ̀ngàn ilé ìwé tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ rí, torí àwọn ọmọ wà ní ọlidé. Wọn ò sọ ohun tí wọ́n rò nípa ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n kàn ní bí ó bá jẹ́ ìdánwò, wọ́n mọ bí a ṣe ń ṣe ìdánwò. Wọ́n pe àwọn èèyàn: àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa, Alhaji kan tó ń ta pákó ní Ìjẹ̀bú-Igbó pẹ̀lú àwọn ìyàwó wọn, àwọn ẹbí Màámi láti Ayépé. Màámi àti àbúrò wọn ló ń dáná.

Ọjọ́ kìíní bàjẹ́, èmi ni mo sì bà á jẹ́. Òfin láàbù ni mo gbé wá sílé. Mo ní kí wọ́n má fi ata sí i, kí wọ́n má fi ẹja sí i, iyọ̀ àti epo díẹ̀ péré, kí adùn nǹkan mìíràn má bàa bo ti ewùrà mọ́lẹ̀. Màámi wò mí, wọ́n ní, "Ó dáa." Ó yẹ kí n ti mọ̀ pé "ó dáa" yẹn kò dáa. A gbé abọ́ síwájú àwọn èèyàn. Alhaji tọ́ ọ wò, wọ́n gbé ṣíbí kalẹ̀.

"Ọmọ mi," wọ́n ní, "ta ni ara rẹ̀ ò yá?"

Ni gbogbo gbọ̀ngàn bá dà rú. Wọ́n ní ìkọ́kọrẹ́ wo ni kò ní ẹja? Wọ́n ní ẹ̀bà tútù dà? Ìyá àgbà kan láti Ayépé ní ṣé ohun tí òyìnbó sọ ọmọ yìí dà nìyí. Kò sẹ́ni tó fẹ́ dáhùn ìbéèrè mi, torí ohun tí mo gbé síwájú wọn kì í ṣe oúnjẹ tí wọ́n mọ̀. Mo lọ jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn, mo fẹ́ sunkún. Mo ti ná àsìkò mi dé ìdí, jọ́nà ò sì ní dúró dè mí.

Bàámi ló wá bá mi. Wọn ò rẹ̀ mí lẹ́kún. Wọ́n bi mí pé bí gbogbo ìkòkò bá ní ẹja kan náà àti ata kan náà, tí a wọ̀n wọ́n lórí ìwọ̀n, ṣé ẹja lè sọ pé iṣu kan dára ju ìkejì lọ? Mo ní rárá, sà. Wọ́n ní, "Dìde nígbà náà, kí o wọ̀n ẹja."

Ní ọjọ́ kejì, gbogbo wọn pa dà wá. Màámi wọ̀n ata, wọ́n wọ̀n ẹja, wọ́n ń kùn pé láyé àwọn, àwọn ò wọ̀n ẹja rí. Bàámi ti to àga bí ìgbà ìdánwò àṣekágbá, ẹnì kan jìnnà sí ẹnì kejì. Wọ́n wọ táì. Wọ́n ń rìn láàárín àwọn àgbàlagbà tó ń jẹ ìkọ́kọrẹ́, ọwọ́ wọn lẹ́yìn.

"Ẹ má wo abọ́ ẹnìkejì yín," ni wọ́n sọ.

Alhaji olórí funfun, tí Bàámi ti kọ́ ní Bàyọ́lọ́jì rí, fi ọwọ́ bo abọ́ wọn, wọ́n ní, "Sà, mi ò wo ti ẹnikẹ́ni." Ẹ̀rín pa mí, ṣùgbọ́n mi ò gbọdọ̀ rín. Abọ́ pa dà wá tí wọ́n ti lá a mọ́. Ìwé ìdáhùn wọn náà pa dà wá, epo wà lára òmíràn. Ìgbà tí mo ka gbogbo rẹ̀ jọ, tí mo wá ṣí ohun tí mo fi bo orúkọ àwọn iṣu náà, ewùrà Ìbẹ̀fún ló gba ipò kìíní. Àwọn tó tẹ̀ lé e, bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wò mi ṣe tò wọ́n náà ni àwọn èèyàn tò wọ́n.

Nígbà tí gbogbo èèyàn lọ tán, Bàámi tú táì wọn, wọ́n ní ṣé ó kù. Ó kù díẹ̀. Wọ́n jókòó sórí ọ̀kan lára àwọn àga náà, wọ́n jẹ ẹ́, ojú wọn sì wà lójú fèrèsé, níbi tí ìtàkùn ewùrà ṣì wà lórí ọgbà títí di òní.

"Gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ni," wọ́n ní, "mi ò fi í kọ́ ẹnikẹ́ni rí."

Mo gba abọ́ lọ́wọ́ wọn, mo lọ fọ̀ ọ́.

Mo pa dà sí Skọ́tíláǹdì. Ohun kan ti yí padà lára mi, ẹlòmíràn lè má rí i. Nígbà tí wọ́n bi mí níbi ìpàdé àwọn onímọ̀ ewéko pé kí ni mò ń ṣe, mo ní ewùrà. Mo dákẹ́ síbẹ̀. Àwọn ni wọ́n béèrè sí i. Ní láàbù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ pé ẹ kú iṣẹ́, mo ṣàlàyé ìtumọ̀ rẹ̀ fún wọn, ní báyìí, Pròfú fúnra rẹ̀ á na orí wọlé láàárọ̀, á ní "Ẹ kúùṣẹ́," ohùn rẹ̀ á wọ́ bí ẹni tó ń kọrin. Wọ́n ní àlejò ló ń kọ́ ìṣe onílé. Mo ti rí i pé onílé náà lè kọ́ ti àlejò, bí àlejò ò bá fi tirẹ̀ pamọ́.

Mo fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ padà, pẹ̀lú ohun tí àwọn èèyàn mi sọ. Mo wá ń dúró. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti ṣe é rí mọ bí ìdúró yẹn ṣe rí. Mò ń ṣí ímeèlì kí n tó fọ ẹnu. A ti ń wa iṣu ọdún náà, Kofí ti ń lẹ ìwé àmì mọ́ ara àwọn tí wọ́n máa yọ, mi ò sì fẹ́ wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí tèmi wà. Inú ilé gíláàsì ni mo wà, erùpẹ̀ lọ́wọ́, nígbà tí fóònù dún. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ ẹlẹ́rùpẹ̀ ṣí i. Wọ́n ti gbà á. Wọ́n fẹ́ gbé e jáde.

Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, láàárín àwọn ebè. Kofí sáré wá, ó rò pé mo ṣubú. Nígbà tó ka ímeèlì náà, ó lọ mú àmì tó wà lára ewùrà Ìbẹ̀fún, ó fà á ya, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún ewùrà, ọmọ Gánà tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ ní ìdọ̀bálẹ̀ rí. Kí ọ̀sẹ̀ tó pé, Pròfú ti wá sọ fún mi pé àyè olùwádìí náà ti di tèmi, àti pé ewùrà ni kí n máa bá lọ. Yorùbá ní bí iṣu ẹni bá ta, ńṣe là ń fọwọ́ bò ó jẹ. Ẹ dákun, èmi ò bò ó. Iṣu wa ti wà nílẹ̀ ní bíbò jù.

Ọjọ́ tí iṣẹ́ náà jáde, mi ò dúró de ọjọ́ Ìsinmi. Mo pe ilé. Màámi ló gbé e, wọ́n bi mí bóyá mo ti jẹun, mo ní kí wọ́n pe Bàámi kí wọ́n jọ gbọ́. Bàámi ní kí n kà á. Mo ní gígùn ni, wọ́n ní àwọn ò lọ síbi kankan. Mo bẹ̀rẹ̀ láti àkọlé. Èdè Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi tí ìkọ́kọrẹ́ wà, tí mo tún dé ibi tí Ìbẹ̀fún wà, mo gbọ́ tí àga Bàámi ń dún, bíi pé wọ́n ń jókòó dáadáa. Mò ń túmọ̀ rẹ̀ fún Màámi bí mo ṣe ń kà á. Màámi bá dá mi dúró.

Wọ́n ní, "Ṣé o sọ fún wọn pé kí wọ́n má tíì rò ó?"

Mo ní ó wà níbẹ̀, Màámi. Mo ṣí ojú ewé náà, ibi tí àwọn onímọ̀ ti máa ń kọ bí wọ́n ṣe ṣe iṣẹ́ wọn, kí ẹnikẹ́ni níbikíbi lágbàáyé lè tún un ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo kà á fún wọn: a gbé e kaná, a kò sì fi ohunkóhun kàn án títí ó fi dì.

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí Bàámi wú ikọ́, bí wọ́n ṣe máa ń wú u ní kíláàsì kí gbogbo èèyàn lè dákẹ́.

"Tún un kà," wọ́n ní.